Ọjọ́ tí Ohùn-Oyin Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ọkùnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu jẹ búrẹ́dì nítorí eyín iwájú rẹ̀ tó yọ lóṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí ohùn òun fúnra rẹ̀ jáde látinú rédíò tó wà lójú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń da omi gbígbóná sínú ife, dúró gbọnin. Ó wo rédíò, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo rédíò.

“Ẹ̀yin ará wa ní gbogbo agbègbè,” ohùn náà ń sọ, ó ń dún geere, “ìjọba ní kí á fi yín lọ́kàn balẹ̀. Omi odò kò ní kọjá ààyè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kúrò nílé. Kò séwu rárá.”

“Bàbá wọn,” ìyàwó náà ní, “ìgbà wo lẹ jáde tí ẹ lọ sọ ìyẹn?”

Bàbá wọn gbé búrẹ́dì mì. Ẹ̀rín ti wà lójú rẹ̀ kó tó dáhùn. “Tèṣí nìyẹn. Èyí tí mo kà sílẹ̀ fún wọn nígbà òjò tó kọjá ni. Ṣé o wá rí i báyìí? Oṣù mẹ́wàá gbáko tí mo ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì rí ẹni tó lè kà á bí mo ṣe ń kà á.”

Inú ìyàwó náà dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Oṣù mẹ́wàá ló ti ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti táì láàárọ̀ láìní ibi tó ń lọ, tó ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn adìẹ ẹ̀yìnkùlé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ẹ̀ka mẹ́jọ ni rédíò náà ní káàkiri agbègbè, àmọ́ láago méje àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀ka gbọ́dọ̀ pa tiwọn tì, kí wọ́n so mọ́ olú ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ lọ́hùn-ún lásìkò náà, òun nìkan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń gbọ́, ẹni náà sì ni ọkọ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tí kò rí i sójú rí ló sọ ọ́ ní Ohùn-Oyin. Ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe tíṣà, bí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ bá ń bínú sí i, wọn kì í pè é ní Tíṣà mọ́, ìyàwó Ohùn-Oyin ni wọ́n ń pè é.

“Wọn ò tiẹ̀ bi yín kí wọ́n tó lò ó?” Tíṣà béèrè.

“Ohùn tí wọ́n bá ti gbà sílẹ̀, ti ìjọba ni. Kí ni wọ́n fẹ́ bi mí fún?”

“Òjò tèṣí kọ́ ni òjò ọdún yìí, Bàbá wọn. Ẹ wo bó ṣe ń rọ̀.”

“Ìjọba mọ̀ ju èmi àtìwọ lọ. Bá mi fi ṣúgà kún tíì yìí.”

Kò pẹ́ tí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé fi yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Bàbá wa! Wọ́n ti pè yín padà nìyẹn, ẹ̀ ń fi í pa mọ́ fún wa! Mo gbọ́ yín láàárọ̀ yìí, orí mi wú.”

Ohùn-Oyin rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tún táì ṣe. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Tíṣà kíyè sí i pé kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án nígbà tí ọkọ̀ gẹdú kan dúró lódì kejì títì, táyà rẹ̀ kan ti jò. Awakọ̀ náà, Onígẹdú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó ra búrẹ́dì, kò sì jẹ ẹ́.

“Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ jókòó ẹ̀ ń ta ọjà?” ó ní. “Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn omi lókè o! Ògiri ńlá tí ìjọba fi sé odò yẹn, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ṣí láti aago mẹ́fà àárọ̀. Mo fojú ara mi rí i. Omi yẹn ń bú ramúramù.”

“Rédíò ní kò séwu,” oníbúrẹ́dì dá a lóhùn.

“Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ọ̀hún, ṣé ó débẹ̀?”

Gbogbo wọn kàn yí ojú sí Ohùn-Oyin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó mú ife tíì dání. Ó bojú wo inú ife náà bí ẹni pé nǹkan já sínú ẹ̀.

Tíṣà yíjú sí ọ̀nà odò. Ìsàlẹ̀ odò ni ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé, ọmọbìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, òun nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún àti ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin sì nìyí tí òjò ti já wáyà iná lọ́hùn-ún, kò sí fóònù kankan tó ní iná nínú. Rédíò oníbátìrì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìsàlẹ̀ odò.

Tíṣà wọlé, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. “Mo ń lọ mú ọmọ mi.”

“Dúró ná,” ọkọ rẹ̀ ní.

“Kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? Ẹ ti fi ohùn yín dá ọmọ wa jókòó síbẹ̀.”

“Ìwọ náà! Ṣé èmi ni mo fi í sórí afẹ́fẹ́?”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí oníbúrẹ́dì.”

Ìyẹn dùn ún. Ó gbé ife kalẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀, nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. “Ìyá wọn, gbọ́ mi. Omi tí wọ́n bá ṣí lókè, ó máa ń tó wákàtí mẹ́sàn-án kó tó dé ìsàlẹ̀. Aago mẹ́ta nìyẹn. Bó o bá lọ, ilé kan ṣoṣo lo máa kó jáde. Bí èmi bá jókòó sídìí ẹ̀rọ láago méjìlá, gbólóhùn kan péré, gbogbo ìsàlẹ̀ odò á gun òkè wá. Ohùn mi ló so wọ́n mọ́lẹ̀, òun náà ló máa tú wọn.”

“Ṣé wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé?”

“Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́?”

“Bí wọn ò bá wá gbà ńkọ́?”

“Ìyá wọn, ọmọ mi ló wà níbẹ̀.”

Tíṣà bá a nu bàtà rẹ̀, ó bá a wá agboòrùn. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ọkùnrin náà yíjú padà. “Se oúnjẹ sílẹ̀,” ó ní. “Wọ́n á pọ̀ tí wọ́n máa bá ọmọ wa wá.”

Tíṣà wá ń se oúnjẹ. Gbogbo ìrẹsì tí ó yẹ kí wọ́n jẹ di ìparí oṣù ló dà sínú ìkòkò ńlá, ó se ẹ̀wà sínú ìkejì. Kọ́kọ́rọ́ iléèwé tó wà lórí òkè wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ wà lọ́lidé, ó sì sáré lọ gbá kíláàsì méjì, ó to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ́ ẹní. Nígbà tó padà dé, oníbúrẹ́dì ń wo ìkòkò tìyanu-tìyanu.

“Tíṣà, ṣé ìnáwó lẹ fẹ́ ṣe tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?”

“Àlejò ń bọ̀. Ẹ fi búrẹ́dì mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi.”

Ọkàn rẹ̀ kò fò mọ́. Ní tòótọ́, ó tiẹ̀ ń yangàn díẹ̀ nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ó ń rò ó pé gbogbo ìgbà tóun ti dá oúnjẹ jẹ nítorí ìròyìn aago méje, gbogbo ọdún tí ọkọ òun kò sí nílé lọ́jọ́ ọdún, òní yìí ni yóò san án padà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ó gbé rédíò jáde sí gbàgede. Oníbúrẹ́dì fa àpótí rẹ̀ wá. Onígẹdú, tó ń dúró de ẹni tó ń lẹ táyà, wá fẹ̀yìn ti ògiri. Agogo rédíò dún lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ka so mọ́ olú ilé-iṣẹ́, ohùn náà sì dé.

“Ẹ káàsán, ẹ̀yin ará wa. Òní, Ọjọ́bọ̀.”

Òun gan-an ni, ti tèṣí kọ́. Bó bá ti dé ibi ‘sí’ tàbí ‘sọ’, afẹ́fẹ́ á súfèé jáde láti àlàfo eyín tó yọ. Tíṣà fọwọ́ mú àyà, ó ní, “Ó ti wọlé. Ó ti débẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri agbègbè pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn omi lókè,” Ohùn-Oyin ń sọ. “Àhesọ lásán ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá kúrò nílé. Èmi tí ẹ mọ̀ ni mo ń sọ ọ́ fún yín. Kò séwu rárá.”

Orin ìjọba tẹ̀ lé e. Oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti gbà á padà lóòótọ́! Tíṣà, ẹ kú oríire!”

Onígẹdú tutọ́ sílẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

Ọdún méjìdínlógójì ni Tíṣà ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ó mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ fún un, ó sì mọ èyí tó bá ti ọkàn ara rẹ̀ fi kún un. Kò sí aláṣẹ kankan tó lè kọ ‘èmi tí ẹ mọ̀’ sínú ìwé. Ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ pé àwọn èèyàn ò ní gba ìwé náà gbọ́ bóun bá kà á lásán, ló bá fi ara rẹ̀ dúró fún un. Ó pa irọ́ náà dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Tíṣà pe fóònù ọkọ rẹ̀. Ó dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Nígbà kẹta, wọ́n ti pa á.

“Ọkọ̀ yẹn,” ó sọ fún Onígẹdú, “gbé mi lọ sí ìsàlẹ̀ odò.”

“Màmá, wọn ò tíì lẹ táyà tán.”

“Ó kù táyà mélòó lẹ́sẹ̀ ẹ̀?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Wà á.”

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ odò, aago kan ti kọjá. Ibẹ̀ tòrò. Àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí oòrùn díẹ̀ tó yọ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Rédíò ń kọrin láti ojúlé sí ojúlé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mẹ́rin tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fọṣọ létí odò, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tó hàn.

Ọmọ wọn wà nílé ìdáná, ó ń to ìkòkò padà sórí pẹpẹ. Báàgì méjì ṣófo sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Màámi! Kí lẹ wá ṣe nínú ẹrẹ̀ yìí? Àbí ẹ ò gbọ́ Bàbá ni?”

“Di ẹrù. Gbé ọmọ pọ̀n.”

“Mo ti dì í láàárọ̀, mo tún tú u ni.” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Mo gbọ́ ti aago méje, mo ní eyín ohùn yìí mà pé jù, ti tèṣí nìyí, ni mo bá ń kó aṣọ. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sán yìí, mo gbọ́ eyín yẹn tó ń súfèé. Mo ní á, òun fúnra ẹ̀ nìyẹn. Bàbá ò kúkú lè mọ̀ pé mo wà níbí, kó ní kò séwu bí ewu bá wà.”

Tíṣà kò sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ láìdáa lójú ọmọ yìí rí, àní nígbà tí ọkùnrin náà fi í sílẹ̀ nílé lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó bí ọmọ náà. Ìkòkò kan ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń dúró kí ìyá òun rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òun.

“Irọ́ ló ń pa,” Tíṣà ní.

“Ta ni?”

“Bàbá rẹ. Wọ́n ti ṣí omi. Mo gbà fún un kó lọ, ó lọ, irọ́ ló sì lọ pa. Gbé ọmọ pọ̀n, mo bẹ̀ ọ́.”

Ìkòkò náà kò já bọ́. Ọmọ náà gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọ yàrá lọ, kò sì bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kankan mọ́. Ìyẹn gan-an ló mú Tíṣà sunkún.

Níta, ó ń pariwo láti ilé dé ilé. Aránṣọ tó wà lójúlé kejì kò tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ arúgbó sùn sí, ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti ọdún mẹ́ta.

“Màmá, ẹ̀yin náà, ẹ wo ara yín,” aránṣọ ní. “Ọkọ yín ní kò séwu, ẹ̀yin ní ewu wà. Ẹ lọ parí ìjà yín nílé ná, kẹ́ ẹ tó wá kó wa sí i.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, torí Ọlọ́run. Onígẹdú á bá ọ gbé ìyá.”

“Kí n wá gbé ìyá mi sórí pákó nínú òtútù, torí ìjà tọkọtaya? Bàbá nìkan ni mo gbà gbọ́ nínú gbogbo àwọn ìjọba yìí. Ẹ jẹ́ ká gbádùn.”

Èèyàn méjìdínlógún ló gun ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ Tíṣà kọ́ ló gbé wọn, bí kò ṣe pé wọ́n rí ìyàwó Ohùn-Oyin tó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń sáré láìwọ bàtà. Onígẹdú já wọn sí iléèwé lórí òkè, ó sì yí padà lọ kó àwọn yòókù. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi ti gba títì, ó sì ń gbé igi lọ.

Gbogbo ọ̀sán ni àwọn èèyàn fi ń wọ́ wá sí iléèwé náà. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn, àwọn apẹja fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn mìíràn wá. Tíṣà ń bu ìrẹsì fún wọn. Àwọn tó ti rẹ́rìn-ín sí i ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún, wọ́n gbé aránṣọ wọlé, ó rin gbingbin, kò sí ohun kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, omi ló gbà á lọ́wọ́ òun. Àwọn apẹja ṣì ń wá a lọ. Tíṣà fi kọ́tìnnì kíláàsì dì í lára, ó mú un jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí Ohùn-Oyin dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Táì wà lọ́rùn rẹ̀, fáìlì tuntun wà lábíyá rẹ̀. Ó ń wo ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí ọmọ rẹ̀, ó sì kígbe, “Ọlọ́run ṣeun!” Ohùn yẹn gba gbogbo yàrá kan, gbogbo orí sì yí sí i. Wọ́n mọ ẹni tó ni ín.

“Má wò mí bẹ́ẹ̀,” ó rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀. “O ò mọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ọ̀tunla ni wọ́n fẹ́ ṣí ọjà tuntun etí odò, àwọn àlejò ńlá ti wà lójú ọ̀nà, wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pariwo omi. Wọ́n ní wọ́n á gbà mí padà fọ́dún méjì. Wọ́n ní bí mo bá yí ọ̀rọ̀ kan péré, àwọn á pa ẹ̀rọ.”

“‘Èmi tí ẹ mọ̀’ ńkọ́?” Tíṣà béèrè. “Ṣé wọ́n kọ ìyẹn náà fún yín?”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

Ọmọ wọn ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú. Kò gbójú sókè. “Bàbá,” ó ní, “nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ṣé ẹ rántí pé mo wà níbẹ̀?”

“Mo rántí!” Kíá ló dáhùn, ara rẹ̀ tiẹ̀ yá gágá, àfi bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó mọ̀. “Báwo ni mi ò ṣe ní rántí? Ọkàn mi balẹ̀ nípa tìẹ. Mo mọ̀ pé bí ìyá rẹ bá ti gbọ́ pé mi ò sọ ọ́, á wá mú ọ.”

Ṣíbí dúró nínú abọ́.

Aránṣọ yọ orí nínú kọ́tìnnì tó fi bora. Kò pariwo. “Bàbá,” ó ní, “èmi náà gbọ́ yín lọ́sàn-án. Ìyá mi gbọ́ yín, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Ta lẹ rò pé ó máa wá mú ìyá mi?”

Ohùn-Oyin la ẹnu. Ó wo ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun dá sí i.

Tíṣà dìde. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Onígẹdú, ó yọ fáìlì kúrò lábíyá ọkọ rẹ̀, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì náà sí i lọ́wọ́.

“Àwọn apẹja wà létí omi, wọ́n ń wá ìyá náà,” ó ní. “Ẹ lọ bá wọn pè é. Ó mọ ohùn yín.”